Oògùn Mábàjẹ́ àti Ọwọ́ Télọ̀

Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kejì

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù ọ̀hún kò bá ọ jà jù? Èmi wà láàyè, mò ń jẹun, mò ń sùn. Orúnkún nìkan ló ń dá mi lóhùn bí mo bá ń gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù. Mo mọ̀ pé fóònù lo fẹ́ràn, àmọ́ má pè mọ́. Nígbà tí o pè kẹ́yìn, ohun tí mo gbọ́ kò yàtọ̀ sí ìgbà tí ẹnì kan ń din nǹkan nínú etí mi. Ìwé ni kí a máa kọ. Bí ohun tí o sọ kò bá yé mi lẹ́ẹ̀kan, mo lè tún un kà, n kò sì ní máa pariwo "Kí lo wí?" kí gbogbo àdúgbò máa gbọ́.

Ohun ayọ̀ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ. Oògùn Mábàjẹ́ tí o fi ránṣẹ́ ṣiṣẹ́. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, torí orúkọ tí wọ́n kọ sára ìgò yẹn gùn ju ìgò náà lọ. Láti ìgbà tí mo ti ń fi sí ìpara tí mo ń pò tà, kò sí èyí tó bàjẹ́ mọ́. O ṣáà rántí bí a ṣe máa ń ṣí ìdérí, tí òórùn á kọ́kọ́ jáde wá kí wa kí ìpara tó yọjú. Ìyẹn ti di ìtàn. Àwọn oníbàárà tó ti sá lọ ti ń padà bọ̀.

Ohun kejì rèé. Ọwọ́ ń yún Ìyá Abẹ́rẹ́. O mọ̀ ọ́n, Télọ̀ tó jẹ́ pé ògiri kan ṣoṣo ló pín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti tèmi níyà. Ó bẹ̀rẹ̀ láàárín ìka, ó wá pọ́n, ó ti fẹ́ máa sán báyìí. O mọ̀ pé kì í dìde nídìí maṣíìnì kó má fi ìpara mi ra ọwọ́, láti ọdún tí a ti ń bára wa bọ̀. Ó ní ìgbà tí mo pa ìpara dà ló bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Èmi kọ́ ni mo pa á dà, ọmọ mi ló bá mi tún un ṣe." Ó ní, "Ṣé ọmọ rẹ ló wá ń yún mi ni?" A jọ rẹ́rìn-ín sí i. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín.

Ṣé nǹkan kan wà nínú Mábàjẹ́ yìí tí o kò sọ fún mi? Bí kò bá sí, fi ìgò mìíràn ránṣẹ́. Ti àkọ́kọ́ ti ń lọ sísàlẹ̀. Kí o sì sọ ọjọ́ tí o máa wálé, má sọ "láìpẹ́" mọ́. Láìpẹ́ rẹ ti hu irùngbọ̀n.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹta

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà orúnkún. Mo rí ìwé yín gbà. Mo rẹ́rìn-ín sí orúkọ tí ẹ fún oògùn náà, àfi ìgbà tí mo dé ibi ọwọ́ Ìyá Abẹ́rẹ́ tí ẹ̀rín gbẹ mọ́ mi lẹ́nu.

Ẹ kò bi mí léèrè rí nípa iṣẹ́ mi ju bóyá wọ́n ń jẹ́ kí n jókòó lọ, torí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìpara tó bá ní omi nínú á bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe é fi máa ń fi èròjà tó ń pa ohun tó ń mú un bàjẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n ohun tó lágbára láti pa nǹkan lè bá awọ ènìyàn náà jà. Iṣẹ́ tiwa ni kí a mọ ìwọ̀n tí ìjà kò ní dé. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn á wá, wọ́n á da ojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, a ó fi èròjà tí a ti bomi là dáadáa sára plásítà, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn lẹ́yìn. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì a ó ṣí i, èmi á wá máa wo ibi tó pọ́n, ibi tó wú, àti ibi tí kò ṣe nǹkan kan. A ó tún pè wọ́n padà wá wò, torí awọ àwọn kan kì í tètè fọhùn.

Ohun méjì ni èròjà lè ṣe fún awọ. Ó lè ta á bí ata ṣe ń ta ojú. Bí ẹ bá ṣan án kúrò, ó parí. Èkejì ló ń bà mí lẹ́rù. Awọ lè gba nǹkan ní ọ̀tá. Ẹ lè máa fi ra ara fún oṣù mélòó kan kí awọ má sọ nǹkan kan, títí di ọjọ́ tó bá dájú sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, bó ti wù kí ó kéré tó, bó bá ti kan ara, ìjà dé. Kò sí oògùn tó ń mú awọ gbàgbé. Ìpara tó ń dúró lára láti àárọ̀ dalẹ́ burú ju ọṣẹ tí a ń ṣàn dànù lọ, ọwọ́ tí iṣẹ́ ti họ tẹ́lẹ̀ sì yára kó sí i ju ọwọ́ tó ń dán lọ. Irú ọwọ́ Télọ̀ nìyẹn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá títà dúró títí a ó fi mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Kí Ìyá Abẹ́rẹ́ má fi ìpara náà kan ara mọ́, kí ó sì lọ rí dókítà awọ ara. Ẹ wá ẹni tó ń bọ̀ níbí, kí ẹ fi ike ìpara kan rán an sí mi. Ẹ tún sọ òótọ́ fún mi: ṣé ṣíbí tí mo fi ránṣẹ́ lẹ fi ń wọ̀n ọ́n, àbí ojú lásán?

Mo ń bọ̀ wálé. N kò ní sọ "láìpẹ́".

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹrin

Ọmọ mi awẹ̀yìn,

Mo kí ọ. Mo ka ìwé rẹ sí Ìyá Abẹ́rẹ́ létí láti òkè dé ilẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ọmọ yìí kàwé kàwé, ẹ̀yìn ènìyàn ni wọ́n wá ní kó máa wò." Mo ní ojú ló ń purọ́, ẹ̀yìn kì í purọ́. Ó ní kí n má bínú, ìyá ọ̀mọ̀wé.

Ṣíbí rẹ ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Má bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ mọ́.

Títà dídá dúró kò rọrùn bí o ṣe kọ ọ́. Mo ṣì ń tà á fún àwọn tí nǹkan kan kò ṣe. Kí ni kí n wí fún wọn, pé ọmọ mi ní kí n wá jókòó?

Ní ti dókítà awọ ara, a lọ. Ìlà tó wà níwájú ọ́fíìsì rẹ̀ dé ẹnu géètì, wọ́n sì ní oṣù tó ń bọ̀ ló máa kan Ìyá Abẹ́rẹ́. Bí a ṣe ń padà bọ̀, a ro ọ̀rọ̀ náà. A ní bó bá ṣe ti plásítà ni, plásítà ń bẹ nílé. Mo ní ẹ̀yìn tèmi ni kí a fi sí, a kì í fi ara ẹlòmíràn dán oògùn wò. Ìyá Abẹ́rẹ́ gé ègé aṣọ kan, ó kán Mábàjẹ́ sí i láti inú ìgò, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lábẹ́ èjìká. Mo ní kó má bomi là á. Bí ògidì rẹ̀ kò bá ṣe mí ní nǹkan kan, kí ló kù tí èyí tí a ti là fẹ́ ṣe? Ó dá mi lójú pé o máa gbóríyìn fún mi níbẹ̀.

Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti ń jó mi bíi kí n ké. Mo fara dà á, torí o ní ọjọ́ méjì. Nígbà tí Ìyá Abẹ́rẹ́ ṣí i, ó sún mọ́ ẹ̀yìn mi láti wò ó.

Mo ní, "Kí lo rí?"

Ó ní, "Dúró ná."

"Ṣé ó pọ́n ni?"

"Bó bá jẹ́ pípọ́n ni, màá ti sọ."

Awọ ibẹ̀ ti wú, omi kún inú rẹ̀, ó tóbi tó bọ́tìnì kóòtù. Òun ló fi wé bọ́tìnì kóòtù. Ó wá jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Ohun tí o ti ń fi rà mí lọ́wọ́ nìyẹn." Ó dìde, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá kí i, ó ń dá mi lóhùn bí ẹni tó ń dá oníbàárà lóhùn.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń padà sọ́hùn-ún ló mú ike ìpara náà lọ́wọ́. Ó ti yẹ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ kí ìwé yìí tó dé. Yẹ̀ ẹ́ wò. Kí o sì kọ ìwé tí mo lè kà sí obìnrin yìí létí, pé ìpara mi mọ́.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹrin

Ìyá mi,

Ẹ kú ìrora. Orí ìdúró ni mo ti ka ìwé yín parí.

Ògidì! Kò sí ẹ̀yìn ẹni kankan tó lè gba ògidì rẹ̀. Ó máa jó ẹ̀yìn tèmi, ó máa jó ti Télọ̀, ó máa jó ti ẹni tó ṣe é. Ohun tí ẹ ṣe yẹn kò fi nǹkan kan hàn nípa ìpara yín, ì báà ṣe rere, ì báà ṣe búburú. Ó tún lè jẹ́ ibẹ̀ ni awọ tiyín máa ti kọ́ ọ̀tá. Ẹ má tú omi inú rẹ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Kí ló dé tí ẹ kò fi dúró de ìdáhùn mi?

Nọ́ọ̀sì náà ti wá. Ọ̀gá mi gbà kí a wọn ohun tó wà nínú ìpara náà. Èròjà tó wà nínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí mo kọ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lọ́kàn mi. Ṣíbí kan sí ìkòkò kan tó kún ni mo kọ. Mo tún fi ṣíbí ránṣẹ́ kó má baà sí àṣìṣe. Ó dà bíi pé ẹ rò ó pé bó bá pọ̀ sí i, á dára sí i, bí ẹ ṣe máa ń ṣe sí oògùn ikọ́ nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo mọ̀ yín. Bó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ló rí, ẹ sọ ọ́ jáde. Èmi ni ọmọ yín, n kò ní bá ẹlòmíràn sọ ọ́. Ṣùgbọ́n n kò lè kọ ìwé pé ìpara náà mọ́. Kò mọ́. Ẹ má tà á fún ẹni kankan mọ́.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù Karùn-ún

Ìyá mi,

N kò tíì rí ìdáhùn yín. Mo fi fóònù bẹ aládùúgbò yín kan kó yà wò yín. Ó ní òun bá yín nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ jókòó, ẹ ní kí ó kí mi. Kí ó kí mi! Báwo ni ẹ̀yìn yín? Báwo ni ọwọ́ Ìyá Abẹ́rẹ́? Bí mo bá ti sọ̀rọ̀ jù, ẹ bá mi wí. Ẹ má dákẹ́.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹfà

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo rí ìwé rẹ méjèèjì gbà. Iṣẹ́ kọ́ ló dí mi lọ́wọ́. Inú ló ń bí mi.

Ẹ̀yìn mi ti jinná, ó ku àpá dúdú. Ìyá Abẹ́rẹ́ ti rí dókítà. Wọ́n lẹ nǹkan mọ́ ọn lẹ́yìn lọ́tùn-ún lósì bí àpò ìwé tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sókè òkun. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ojú kan ṣoṣo ló wú, orúkọ tí wọ́n sì kọ sí ojú náà ni orúkọ gígùn tó wà lára ìgò rẹ. Èyí tí wọ́n bomi là ni o. Dókítà ní ara rẹ̀ kò ní gbà á mọ́ láéláé. Ó ní kó má fọwọ́ kan ọṣẹ tó bá ní in, àṣé ọṣẹ ìfọṣọ tó kún ọjà ló ní in. Kò lè mú abẹ́rẹ́ dáadáa mọ́. Orí ìka rẹ̀ ti sán, ẹ̀jẹ̀ ń kan aṣọ àwọn oníbàárà. Ìyàwó kan ti wá gba aṣọ rẹ̀ padà láìparí. Gbogbo èyí, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí sọ ọ́ fún mi. Kò wọlé.

Mo gbà á. Ṣùgbọ́n pé mo purọ́ fún ọ? Pé mo ń bù ú bí oògùn ikọ́?

Ṣíbí kan ni. Ṣíbí kan sí ìkòkò tó kún, bí o ṣe kọ ọ́ gan-an. Bí mo bá ti tà á dé ìdajì, màá yọ́ ìda àti òróró tuntun, màá po omi mọ́ ọn, màá dà á lé ti àtijọ́ tó wà nísàlẹ̀, ìkòkò á kún, màá fi ṣíbí kan sí i, màá rò ó. Níbo ni mo ti ṣẹ̀? Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn, bí mo sì ṣe kọ́ ọ nìyẹn: ti àtijọ́ ló ń mú kí tuntun tètè dì, a kì í jẹ́ kí ìkòkò ìpara rí ìdí ara rẹ̀. Ta ló máa ń di etí ìkòkò náà mú fún mi kí ó má baà yí? Ìwọ ni. O fi ọwọ́ ara rẹ rò ó títí o fi lọ sí yunifásítì.

Bí o bá ti gbàgbé ilé, má fi gbígbàgbé rẹ dá mi lẹ́bi.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Keje

Ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀, kì í ṣe ìkúnlẹ̀ nìkan.

Ẹ kò purọ́. Ohun tí mo kọ lẹ ṣe. Èmi ni mo kọ ọ́ fún ìkòkò tó ti òfìfo bẹ̀rẹ̀, bíi ti ibi iṣẹ́ wa níbí, tí wọ́n ń fọ agbada kí wọ́n tó po òmíràn. Ìdajì tó ṣẹ́kù nísàlẹ̀ ìkòkò yín ti gba oògùn tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ wá fi ṣíbí odindi kan lé e. Nígbà tí ẹ tún tà á dé ìdajì, ẹ tún fi òmíràn lé e. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń pọ̀ sí i, tí kò rùn, tí àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà, tí ẹ kò lè mọ̀. Èmi ló yẹ kí n mọ̀. Mo mọ ìkòkò náà, etí rẹ̀ gbóná lọ́wọ́ mi láìmọye ìgbà, síbẹ̀ nígbà tí mo jókòó láti kọ ìwọ̀n sílẹ̀, kò wá sí mi lọ́kàn rárá.

Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá mi. Ó gbọ́ ọ tán, ó wá bi mí pé, "Kí ló ń mú ìpara náà bàjẹ́ látẹ̀yìnwá?" Ibẹ̀ ló ti wá yé mi. Ìyá mi, ohun tó ń mú un bàjẹ́ náà ni ìdajì tó wà nísàlẹ̀ yẹn. Ti àtijọ́ ló ń kó bá tuntun. Bó bá jẹ́ pé ẹ ń fọ ìkòkò, tí ẹ ń se omi rẹ̀ dáadáa, tí ẹ sì ń po díẹ̀ díẹ̀, ó ṣeé ṣe kó má nílò Mábàjẹ́ rárá. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa níṣẹ́ yìí nìyẹn. Mo fi oògùn ránṣẹ́ kí n tó béèrè àìsàn.

Ẹ da gbogbo rẹ̀ nù, kí ẹ bò ó mọ́lẹ̀ níbi tí ọmọdé kò ní dé. Ẹ sọ fún gbogbo ẹni tó rà á. Mo fi ìwé mìíràn sínú èyí, ti Ìyá Abẹ́rẹ́ ni. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe tiyín. Ẹ ṣáà fún un, ẹ kò ní láti sọ ohunkóhun. Mo ti gba ààyè níbi iṣẹ́. Bí ọdún bá ń parí lọ, màá wá bẹ̀ ẹ́ fúnra mi.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹjọ

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ. Dìde nílẹ̀. Ọmọbìnrin kì í dọ̀bálẹ̀, má fi ìwé rú òfin.

Ìwé Ìyá Abẹ́rẹ́ tí o kọ wà nínú èyí, mo dá a padà. N kò fún un. Èmi ni mo tà á fún un, èmi ni mo pò ó, èmi ni mo ní kó máa fi ra ọwọ́ dáadáa nígbà tó kọ́kọ́ ń yún un. Bí mo bá wá ju ìwé ọmọ mi sí i láti ẹnu ọ̀nà, kí ni n ó máa pe ara mi?

Mo da ìpara náà nù. Mo fi omi gbígbóná ha ìkòkò títí mo fi rí ìdí rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, amọ̀ ni. Mo wá ń lọ láti ilé dé ilé. Àwọn kan ní àwọn ti lò ó tán, kò ṣe àwọn ní nǹkan kan, ìgbà wo ni màá po òmíràn? Àwọn mìíràn pa ilẹ̀kùn dé. Obìnrin kan fi ọrùn ọmọ rẹ̀ hàn mí. Mo ti ní kó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara.

Mo fi Ìyá Abẹ́rẹ́ ṣe ìkẹyìn, torí òun ni ẹ̀rù rẹ̀ bà mí jù. Ó jókòó nídìí maṣíìnì, kò ran nǹkan kan. Mo sọ ọ́ fún un bí o ṣe kọ ọ́, ti ìdajì, ti ṣíbí, àti pé Mábàjẹ́ kò pọn dandan rárá. Kò dá mi dúró títí mo fi parí.

Ó ní, "Ṣé ó máa lọ?"

Mo ní, "Kò ní lọ. Ọmọ mi ní awọ kì í gbàgbé."

Ó ní, "Ọmọ rẹ yìí, ṣé kò mọ ọ̀rọ̀ dídùn kan ni?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo wo ojú rẹ̀, mo jáwọ́.

Ó ní, "O wá fẹ́ kí n sọ pé kò burú?"

Mo ní rárá.

Ó ní, "Ó dáa. Torí pé ó burú."

Ó wọ inú yàrá lọ, ó fi ẹsẹ̀ ti apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí kan jáde, ó tì í títí ó fi kan ẹsẹ̀ mi. Ó ní, "Ọwọ́ tìrẹ ṣì lè kan ọṣẹ, àbí?"

Látìgbà náà ni mo ti ń fọṣọ rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ó máa ń gbé àga wá, á jókòó tì mí, á máa wò. Mo ń wo ọwọ́ ara mi lójoojúmọ́ bí ìwọ ṣe ń wo ẹ̀yìn ènìyàn. Awọ mi kò tíì sọ nǹkan kan. Ó ti ń kọ́ ọmọbìnrin kan ní iṣẹ́, òun á fi ẹnu sọ, ọmọ náà á fi ọwọ́ ràn. Kò rọrùn fún un. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń bú ọmọ náà láti inú ṣọ́ọ̀bù mi, kì í sì í ṣe ọmọ náà ló ń bú.

Má wálé torí ẹ̀bẹ̀. Bí o bá ń bọ̀, máa bọ̀ nítorí èmi.

Ní Sátidé tó kọjá, ó gbé bùláòsì funfun kan sókè sí oòrùn, ó ní ọrùn rẹ̀ kò mọ́. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo tún un fọ̀.

Ìyá rẹ.